Ohun Tí Ṣọ́ọ̀kì Kò Lè Yà

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ òní bá wí jù. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin òbí má ṣe yí rédíò kúrò, torí ọ̀rọ̀ náà yóò dé ọ̀dọ̀ yín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí ẹ bá wọ ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ orin lára ògiri. Ọ̀dọ́ kan á jókòó sí ìdí láptọ́ọ̀pù; bí ìjọ bá ti kọ ẹsẹ kan tán, á tẹ bọ́tìnì, ẹsẹ kejì á yọ. Bí ẹ bá lọ síbi ìsìnkú àgbà ní Ọ̀yọ́, nínú gbọ̀ngàn tí àwọn àlejò ti ń jẹun, àwòrán olóògbé á máa yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìgbà tó wà ní wúńdíá, ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ọjọ́ tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ sọ́wọ́. Nǹkan yìí kò ṣàjèjì sí wa mọ́. Àwọn ọmọ ilé wa ló ń ṣe é, àwọn àgbà wa náà sì ń wò ó. Ibi tó ti yẹ kó wúlò jù, ìyẹn kíláàsì, ni kò tíì fi bẹ́ẹ̀ dé. Ibi tó sì ti dé, bí a ṣe ń lò ó níbẹ̀ ń bí mi nínú nígbà mìíràn.

Síláìdì ni wọ́n ń pè é. Ojú ewé kan ni, tí a to àwòrán àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, tí a ó fi han àwọn èèyàn, tí a ó sì ṣí kúrò kí òmíràn lè yọ. Google Slides wà fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ní àdírẹ́sì Gmail, kò gba kọ́bọ̀. Canva náà ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama tó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé tíṣà lòun lóòótọ́. Méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android tó wà lápò yín yẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa wọn kò ju ẹyọ kan lọ: tíṣà tó bá fẹ́ lo síláìdì, kó fi han ọmọ ohun tí ṣọ́ọ̀kì kò lè yà, kó sì wá ohun náà ní ìlú tí ọmọ ọ̀hún ń gbé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ òyìnbó òkè òkun ni, pé kò bá tíṣà wa mu. Ọ̀yọ́ yìí ni St. Andrew's College, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wá fìdí kalẹ̀ sí ní 1896. Láti inú rẹ̀ ni yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tó ń jẹ́ Emmanuel Alayande ti yọ. Ẹ bi àwọn tíṣà Grade Two àtijọ́ tí wọ́n ṣì wà láyé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Kádíbọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń sùn, òun ni wọ́n fi ń jí. Wọ́n á fi bírò oríṣiríṣi àwọ̀ ya ọkàn èèyàn, wọ́n á ya gbòǹgbò ẹ̀gẹ́, wọ́n á gé àwòrán nínú ìwé ìròyìn lẹ̀ mọ́ ọn. Bí olùkọ́ àgbà tó wá wò wọ́n bá wọlé tí kò rí ohun ìkọ́ni lára ògiri, máàkì ti lọ nìyẹn. Iṣẹ́ yẹn náà ni iṣẹ́ tí mò ń wí. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ dá tẹlifíṣàn WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn lóṣù kẹwàá ọdún 1959, ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n sọ ni pé kí àwòrán náà ran àwọn ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ti kó ọmọ wọ kíláàsì ju iye tí tíṣà tó dáńtọ́ lè kọ́ lọ.

Níbo wá ni àṣìlò ti wọlé? Ní 1987, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní California tó ń jẹ́ Forethought gbé áàpù síláìdì tó ń jẹ́ PowerPoint jáde. Robert Gaskins àti Dennis Austin ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Kí ọdún yẹn tó parí, Microsoft ti ra ilé-iṣẹ́ náà ní mílíọ̀nù 14 dọ́là. Àwọn oníṣòwò ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tó fẹ́ gbé èrò wọn síwájú ọ̀gá nínú yàrá ìpàdé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí a bá ṣí ojú ewé tuntun nínú irú nǹkan báyìí títí di òní, àyè àkọlé ni yóò kọ́kọ́ na síwájú wa, lẹ́yìn náà àyè ọ̀rọ̀ tó ní àmì róbótó ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan. Tíṣà á rò pé ohun tó yẹ kóun ṣe nìyẹn. Á da gbogbo nóòtì rẹ̀ sí i láti òkè délẹ̀, á kẹ̀yìn sí àwọn ọmọ, á máa kà á, àwọn ọmọ náà á máa dà á kọ. Èyí kò sàn ju pátákó lọ. Pátákó kò kúkú nílò iná.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Mayer, ní yunifásítì California tó wà ní Santa Barbara, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ìwádìí lórí èyí. Ohun tó rí ni pé àwòrán tí ohùn ń ṣàlàyé máa ń yé akẹ́kọ̀ọ́ ju ọ̀rọ̀ lásán lọ, ṣùgbọ́n bí a bá tún kọ gbogbo ohun tí ẹnu ń sọ sábẹ́ àwòrán náà, òye á dín kù, nítorí ojú tí ọmọ ì bá fi wo àwòrán ló tún fi ń kàwé. Ẹ jẹ́ kí ojú rí àwòrán, kí etí gbọ́ tíṣà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀kọ́ kan. Ẹ̀fọn. Ìwé sáyẹ́ǹsì sọ pé ìpele mẹ́rin ni ìgbésí ayé ẹ̀fọn. Tíṣà á ya òbìrìkítí sí pátákó, á fi ọfà so ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ọmọ á kọ́ ọ sórí, ó parí. Ọmọ kan náà á délé, á bá tàǹwíjí nínú ìkòkò omi ẹ̀yìnkùlé, kò ní mọ̀ pé ohun tóun kọ́ sórí láàárọ̀ ló ń jù pìrìpìrì nínú omi yẹn.

Tíṣà tó ní fóònù lè ṣe é lọ́nà mìíràn. Kó bu omi tó ti ní tàǹwíjí sínú ìgò funfun, kó fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu rẹ̀ dáadáa kí ohun tó bá yọ má baà jáde jẹ ọmọlọ́mọ, kó gbé e sójú fèrèsé, kó sì máa ya fọ́tò rẹ̀ láràárọ̀ ní àyè kan náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, bí omi bá ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí, gbogbo ìpele tó tẹ̀ lé ẹyin ti bọ́ sínú fóònù. Tàǹwíjí ọjọ́ àkọ́kọ́ tín-ín-rín bí irun. Ti ọjọ́ kẹrin ti sanra. Kí ó pe àwọn ọmọ wá wo bó ṣe dúró. Èyí tó sorí kodò, tó fi ìdí kan ojú omi láti mí, kì í ṣe ìran èyí tó ń gbé ibà. Anopheles tó ń gbé ibà ní tirẹ̀ máa ń nà gbalaja sábẹ́ ojú omi. Ìyàtọ̀ yìí ni ṣọ́ọ̀kì kò lè yà. Lẹ́yìn èyí ni ara rẹ̀ yóò tẹ̀ kòrókòró, kò ní jẹun mọ́, àmọ́ yóò ṣì máa rìn nínú omi. Níkẹyìn, awọ á là, ẹ̀fọn á gun orí awọ tó bọ́ náà dúró kí ìyẹ́ rẹ̀ lè gbẹ. Síláìdì mẹ́fà ti tó. Àwòrán kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí a yà á, àti orúkọ ìpele náà. Ohun tó kù, ẹnu tíṣà ni yóò ti jáde. Ìròyìn kò tó àfojúbà, ọmọ tó bá sì ti rí i báyìí kò ní fi ìkòkò omi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ láìdé.

Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ lọ́kàn. Iná ńkọ́? Détà ńkọ́? Ta ló ní projector, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri? Ìbéèrè tó tọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí détà. Ìgbà tí a bá ń ṣe síláìdì la nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìgbà tí a bá ń kọ́ni, a kò nílò rẹ̀ rárá. Tíṣà tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán nígboro, ní Tákíè tàbí ní Òwódé, lópin ọ̀sẹ̀. Nínú áàpù Google Slides lórí fóònù, àyè kan wà tí a ti lè sọ fún un pé kó pa iṣẹ́ náà mọ́ sínú fóònù kí ó lè ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tún lè sọ ọ́ di PDF, tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yòówù yóò lè ṣí. Fọ́tò tí kámẹ́rà fóònù ń yà máa ń wúwo, òun ló ń jẹ détà. Ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp, yóò fúyẹ́ fúnra rẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ yẹn ni kí ẹ fi sínú síláìdì.

Ní ti projector, mo ti sọ ibi tó wà. Ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń sinmi láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin òbí, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn yín rèé. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lè kọ lẹ́tà sí ìjọ tó múlé gbe ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n tọrọ ẹ̀rọ náà fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀, kí ọ̀dọ́ tó ń bójú tó o sì tẹ̀ lé e wá. Ọ̀dọ́ yẹn gan-an lè kọ́ àwọn tíṣà bí wọ́n ṣe ń so wáyà mọ́ra. Bí kò bá sí projector, tẹlifíṣàn pẹrẹsẹ tó ní ojú ihò fíláàṣì wà ní ilé púpọ̀ báyìí. Ẹ sọ síláìdì kọ̀ọ̀kan di fọ́tò, ẹ kó wọn sínú fíláàṣì, ẹ fi fíláàṣì náà sínú tẹlifíṣàn, wọn yóò máa yọ tẹ̀ léra wọn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé èyí fún wákàtí kan. Bí kò bá sí ìyẹn náà, ẹ pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà mẹ́fà, kí fóònù kan máa lọ láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́ nígbà tí àwọn yòókù ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ó lọ́ra díẹ̀, àmọ́ ọmọ rí i kedere ju ti ògiri lọ. Ẹni tó sì ń lo ògiri, kó ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun sí i, kó ta kọ́tìnì sójú fèrèsé; kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó lọ jókòó sí bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn pátápátá. Lẹ́tà tí kò bá rí kà láti ibẹ̀, kó pa á rẹ́.

Ẹ̀kọ́ ìṣirò náà ní tirẹ̀. Igbá fínfín Ọ̀yọ́ wà níta gbangba, ọnà ara rẹ̀ máa ń tẹ̀ léra yí ká dọ́gba-dọ́gba. Ẹ ya fọ́tò ọmọrí igbá kan láti òkè tààrà. Ẹ gbé e sórí síláìdì, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lé e lórí, kí ẹ wá yí ẹ̀dà náà díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ọnà òkè bá ti bá ti ìsàlẹ̀ mu régí, ẹ dúró, ẹ bi àwọn ọmọ pé dígírì mélòó la ti yí. Bí ó bá bá ara mu ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kó tó yí po, wọn yóò pín 360 sí mẹ́rin láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n kọ́ òfin kankan sórí. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó fín igbá náà kí ẹ tó yà á, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ àwòrán bó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ló ń fẹ́ àwòrán. D. O. Fágúnwà kàwé ní St. Andrew's, ó sì ṣe tíṣà ní Ọ̀yọ́ ní àwọn ọdún 1930 wọ̀nyẹn, kó tó di pé ìwé rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde ní 1938. Bí tíṣà bá ń ka ìwé yẹn fún ọmọ, kó pa ẹ̀rọ. Iwin tí ọmọ bá fi ọkàn ara rẹ̀ yà tóbi ju èyí tí a lè rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, kò sì yẹ kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwà, ìtàn, oríkì, àlọ́: ẹnu ni wọ́n ti ń wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ibẹ̀ wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi lórí rédíò yìí kò rí ọwọ́ mi. Bí mo bá ní kí ẹ wo ọ̀tún, òfo ni. Mo ní láti fi ẹnu ya ohun gbogbo fún yín. Àwọn ọmọ kan wà ní kíláàsì tí gbogbo ọjọ́ wọn rí báyìí. Ní Ọ̀yọ́, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ wà tó ti ń kọ́ olùkọ́ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe láti 1977, fún ọmọ tí kò ríran, ọmọ tí kò gbọ́ràn àti àwọn mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà láàárín àwọn yòókù ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboogbò. Fún ọmọ tí etí rẹ̀ wúwo, síláìdì lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀kọ́ yóò yé e délẹ̀. Fún ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ṣìbáṣìbo tuntun ni, àfi bí tíṣà bá ń sọ ohun tó wà nínú àwòrán síta: pé tàǹwíjí méjì ló wà níbẹ̀, pé ọ̀kan sorí kodò, pé èkejì nà gbalaja. Tíṣà tó bá sọ ọ́ báyìí ti ran àwọn tó ríran náà lọ́wọ́, torí wọn yóò mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n wò.

Èdè wo la ó wá fi kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó wà lórí síláìdì? Ibí ni mo fẹ́ dúró sí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tó fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, tí wọ́n wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ohun gbogbo ní ọdún mẹ́ta tó kù, wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì náà. Ohun tó gba agbára àwọn olùwádìí yẹn púpọ̀ ni ìwé. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá. Àwọn ni wọ́n ní láti kọ ọ́, kí wọ́n wá ẹni tí yóò ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Ohun tó gba owó àti ilé ìtẹ̀wé nígbà náà, tíṣà kan lè jókòó nílé kó ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ lórí fóònù lónìí.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Èmi gbà pé ìpinnu yẹn kò dára, mo sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Síbẹ̀, kò sí ohun tó ní kí tíṣà má kọ orúkọ méjèèjì sórí síláìdì, ti Yorùbá ní ọ̀tún, ti Gẹ̀ẹ́sì ní òsì. Kíbọ́ọ̀dù Google lórí fóònù Android ní Yorùbá nínú. Ẹ wọ ètò rẹ̀ lọ, ẹ fi Yorùbá kún àwọn èdè yín, ẹ ó rí ẹ, ọ àti ṣ tó lámì nísàlẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe yẹ, torí bí ẹ bá ṣe kọ ọ́ sára ògiri ni àwọn ọmọ yóò ṣe máa kọ ọ́.

Nígbà tí tíṣà bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, kó gbé e fún àwọn ọmọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò yẹ kó dá ṣí àkáǹtì Google fúnra rẹ̀. Kí tíṣà lo ti ara rẹ̀, kí àwọn ọmọ jókòó yí fóònù ká, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan fọ́tò kan, kí wọ́n sì jọ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí i. Àríyànjiyàn tí wọn yóò ṣe lórí gbólóhùn kan yẹn, ẹ̀kọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn tó wà ní girama lè ṣe odindi rẹ̀ fúnra wọn, kí wọ́n sì dìde sọ ọ́. Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn ìdánwò yẹn ni ọwọ́ wọn ti kọ́kọ́ kan máòsì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ yín.

Ohun kan tó kù ni pé kí iṣẹ́ má ṣòfò. Google Slides ní àyè tí ẹlòmíràn ti lè ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín, kó yọ àwòrán yín, kó fi tirẹ̀ rọ́pò, láìba ti yín jẹ́. Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bí kìlómítà 50 lọ. Kí tíṣà Ọ̀yọ́ fi síláìdì igbá rẹ̀ ránṣẹ́, kí ti Ògbómọ̀ṣọ́ fi síláìdì kajú dá a padà. Àwọn ọmọ yóò rí i nínú àwòrán yẹn pé kóró tó rọ̀ nísàlẹ̀ gan-an ni èso, àti pé ohun pupa olómi tí wọ́n ń mu kò ju ìdí èso tó wú lọ. Ìgbà ọyẹ́ ni kajú máa ń yọ òdòdó. Ẹ̀yin tíṣà tí ẹ bá fẹ́ yà á láti òdòdó dé èso, ẹ yan ẹ̀ka kan tí ọwọ́ yín tó, ẹ so òwú pupa mọ́ ọn kí ẹ má baà ṣì í mú, kí ẹ sì máa padà síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí kajú yóò fi pọ́n.